Ta Ló Ń Tọ́jú Koríko?

Mílíìkì gbígbẹ tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá pélébé ní gbogbo ìsọ̀ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, èyí tí à ń bù sí ògì ọmọ láàárọ̀, koríko ni. Koríko ilẹ̀ òkèèrè ni màlúù jẹ kó tó di mílíìkì, apá kan nínú rẹ̀ sì ń ti orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì wá. Nínú irú èyí tó wọ́n kéré jù, wọ́n ti yọ ọ̀rá inú mílíìkì náà kúrò, wọ́n ti fi ṣe bọ́tà tà sí ibòmíràn. Òróró ewéko ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, epo ọ̀pẹ sì ni òróró náà sábà máa ń jẹ́. Wọ́n á gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun, ọkọ̀ ojú omi á gbé e wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó di ọwọ́ wa.

Ó dùn mí nígbà tí mo mọ̀. Òjò Èkìtì kò kéré: lọ́dún, ó máa ń lé ní mílímítà 1,200, ọ̀pọ̀ ibi ní Írẹ́lándì ni òjò wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Koríko ń hù lẹ́yìn ilé wa débi pé owó ìroko ni kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ rí nǹkan fi pamọ́. Ọ̀pẹ ń bẹ nínú igbó wa. Síbẹ̀, à ń fi náírà ra koríko àti epo tí ẹlòmíràn dì sínú ọ̀rá. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ọ̀lẹ ni wá. Ẹni tó bá mọ àgbẹ̀ Èkìtì, tó ti rí òkìtì iṣu tí ọkùnrin kan ṣoṣo kọ kí oòrùn tó le, kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn ló wà níbẹ̀, òun ni mo fẹ́ tú palẹ̀.

Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Lágbàáyé, FAO, ní àkójọ kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1961, níbi tí wọ́n ti ń kọ bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń lo ilẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń kà ni ilẹ̀ koríko tí kì í yẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ tí koríko tí ẹran ń jẹ ti wà lórí rẹ̀ fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ì báà jẹ́ ènìyàn ló gbìn ín, ì báà jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló hù. Ẹni tó bá gbé Nàìjíríà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Írẹ́lándì nínú àkójọ náà á rí i pé tiwa pọ̀ ju tiwọn lọ fíìfíì. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 hẹ́kítà ni ti Nàìjíríà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 ni ti Írẹ́lándì. Lóòótọ́, orílẹ̀-èdè kékeré ni tiwọn: mílíọ̀nù 4 yẹn ju ìdajì gbogbo ilẹ̀ wọn lọ, nígbà tí mílíọ̀nù 30 tiwa sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ká fi ìyẹn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé hẹ́kítà ló ń ṣe mílíìkì, àwa ló yẹ ká máa kó o ránṣẹ́ sí wọn.

Orúkọ kan náà ni wọ́n fi pe nǹkan méjì tí kò jọra. Ní Írẹ́lándì, àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń kọ iye koríko tó ní sínú fọ́ọ̀mù, pápá kọ̀ọ̀kan ló ní ààlà lórí máàpù, sátẹ́láìtì sì ń yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè, nítorí owó ìrànwọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń san wà lórí rẹ̀. Òfin àjọ náà tilẹ̀ sọ pé bí orílẹ̀-èdè kan bá jẹ́ kí ilẹ̀ koríko rẹ̀ dín kù kọjá ìwọ̀n kan, yóò ní àwọn tó gbọ́dọ̀ dá a padà. Ìfojúbù ni tiwa. Ọ̀dàn ni, láti òkè Ọ̀yọ́ títí dé Sókótó, ẹlújù tí bẹ́ẹ̀rẹ̀ àti èkan bò, tí iná ń jó lọ́dọọdún, tí ẹnì kan ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun lòun ń tọ́jú rẹ̀.

Mo ní àbúrò kan, ọmọ bàbá kékeré mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní oko màlúù oníwàrà ní gúúsù Írẹ́lándì. Ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp bó bá ti sinmi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ koríko sì ni púpọ̀ nínú ohun tí à ń sọ. "Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí lọ́jọ́ kan, "koríko yìí kì í dá hù o. Wọ́n gbìn ín ni. Bí ẹ bá rí bí ọ̀gá wa ṣe ń yí i ká, ẹ ó rò pé iṣu ló gbìn."

Ó ṣàlàyé fún mi bó ṣe rí. Wọ́n pín oko náà sí pápá kéékèèké pẹ̀lú wáyà tí iná mànàmáná kékeré wà nínú rẹ̀. Màlúù kì í lò ju ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ kan ààbọ̀ lọ nínú pápá kan kí wọ́n tó kó wọn sí òmíràn, kí koríko èyí tí wọ́n jẹ lè rí àyè hù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ń rìn yí gbogbo pápá ká pẹ̀lú irin kan tó fi ń wọn gíga koríko, á tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, fóònù á sọ fún un pé oúnjẹ ọjọ́ mélòó ló kù fún ẹran. Ní oṣù Karùn-ún àti Kẹfà, wọ́n á gé apá kan, wọ́n á dì í mọ́ inú ọ̀rá dúdú kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́, yóò kan díẹ̀ bíi fùfú, kò sì ní jẹrà. Òun ni ẹran ń jẹ láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, nígbà tí òtútù bá lé wọn wọ inú ilé. Wọ́n ń lọ òkúta ẹfun sórí ilẹ̀ náà kí kíkan rẹ̀ lè dín. Wọ́n ń gbin ewéko kan tí wọ́n ń pè ní clover mọ́ koríko, torí pé gbòǹgbò rẹ̀ ń bọ́ ilẹ̀ bí ẹ̀wà ṣe ń bọ́ ọ lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí mo gbọ́ gbogbo èyí, ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí ti ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé ilẹ̀ wọn ló rọrùn. Ìtàn wọn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1841, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 8 ló wà ní erékùṣù náà. Àìmọye nínú wọn ló ń gbin ọ̀dùnkún lórí ilẹ̀ tí kò tó nǹkan, ilẹ̀ onílẹ̀ sì ni, owó ni wọ́n ń san lórí rẹ̀. Láàárín 1845 sí 1852, àrùn pa ọ̀dùnkún náà nínú ilẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn kú. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan wọkọ̀ ojú omi, wọ́n lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò rówó ilẹ̀ san, àwọn onílẹ̀ lé wọn jáde, wọ́n wó ilé lé wọn lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da oko kéékèèké pọ̀, wọ́n sì kó màlúù sí i, nítorí pé ẹran ń mówó wọlé ní ọjà Gẹ̀ẹ́sì. Koríko hù sórí ibi tí ààrò wà. Títí di òní olónìí, iye ènìyàn tó wà ní erékùṣù náà lódindi kò tíì padà tó ti 1841.

Ìjà kò sì tán síbẹ̀. Láàárín 1906 sí 1909, àwọn tí kò ní ilẹ̀ ní àárín gbùngbùn àti ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì máa ń kóra jọ lóru, wọ́n á wọ pápá àwọn olówó ẹran, wọ́n á lé màlúù jáde, wọ́n á fọ́n wọn ká sí ojú ọ̀nà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Aṣòfin kan tó ń jẹ́ Laurence Ginnell ló ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé oṣù 11 péré ni àwọn onílẹ̀ ń fi ilẹ̀ náà háyà fún olówó ẹran. Wọn kì í jẹ́ kó pé ọdún kan, kí ẹni tó háyà má baà rí ẹ̀tọ́ kankan lórí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dáko, tó fẹ́ kọ́lé, tó fẹ́ bímọ síbẹ̀, wọn kò fún un. Ẹni tó fẹ́ fi màlúù jẹ ẹ́ kó sì kọjá lọ ni wọ́n fẹ́.

Mo ka ìtàn yìí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibi tí mo ti ń kà nípa ènìyàn tó ń lé màlúù lóru ní Westmeath, Òkè-Àkọ́, ìlú kan lọ́dọ̀ wa tí wọ́n kọlu ní 2016, ni mò ń rí.

Ohun tó parí ìjà tiwọn, ìwé ilẹ̀ ni. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ ní 1881. Òfin ọdún 1903 ló wá fi owó ìjọba sílẹ̀ kí àwọn tó ń dáko lè yá a, kí wọ́n ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ onílẹ̀, kí wọ́n máa san án padà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó pẹ́, ó sì nira, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹni tó ní màlúù náà ló ní ilẹ̀ tí màlúù dúró lé. Lẹ́yìn ìyẹn ni koríko tó di ohun tí ènìyàn ń gbìn, tó ń wọ̀n, tó ń fi ẹfun sí. Kò sí ẹni tó máa da ẹfun sórí ilẹ̀ tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé.

Ní 1965, ìjọba Ẹkùn Àríwá ṣe òfin ibùdó ìjẹko. Èrò wọn dára: kí wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn darandaran, kí omi wà níbẹ̀, kí ilé ìwé wà, kí wọ́n dúró sójú kan. Kachia ní ìpínlẹ̀ Kàdúná jẹ́ ọ̀kan tó fìdí múlẹ̀. Wọ́n ka ibùdó náà títí ó fi di 415 lórí ìwé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò kọjá orí ìwé yẹn, oko àti ilé sì ti gba èyí tó kù. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1963, Nàìjíríà kò pé mílíọ̀nù 56. Ní 2006, ó ti lé ní mílíọ̀nù 140. Oúnjẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ti inú ilẹ̀ wá. Ọ̀dá ńlá mú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó tún mú ní 1983 àti 1984, ẹran kú lọ rẹpẹtẹ ní etí aginjù. Ní ayé àtijọ́, eṣinṣin tsètsé kì í jẹ́ kí màlúù oníké pẹ́ nínú igbó wa, àrùn tó ń gbé kiri ni yóò pa wọ́n, àfi àwọn màlúù kúkúrú tí kò ní iké tí ara wọn ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n oògùn ti wà fún àrùn náà, igbó tí eṣinṣin ń sá sí náà sì ti ń di oko. Ọ̀nà gúúsù là. Àwọn tó ń sá fún ọ̀dá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bá wa.

Kí sì ni wọ́n bá? Èkìtì kò ní pápá ìjẹko rí. Ilẹ̀ tó ń sinmi ni a ní. Ní ìgbà bàbá mi, iṣu ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbìn sórí ilẹ̀ tuntun, torí iṣu tí a ó fi gún iyán kò fẹ́ ilẹ̀ tó ti ṣá. Lẹ́yìn iṣu, àgbàdo. Lẹ́yìn àgbàdo, ẹ̀gẹ́. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá sì ti kúrò, wọ́n á kọ ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á lọ sí ibòmíràn títí igi yóò fi hù níbẹ̀ tí òjìji rẹ̀ yóò pa èkan. Ilẹ̀ tí alejò bá rí tó dà bí ẹni pé kò ní olúwa, àgbẹ̀ mọ ọdún tí òun máa padà síbẹ̀. Báyìí, ilẹ̀ kì í rí ju ọdún méjì tàbí mẹ́ta sinmi mọ́, ewé Akíntọ́lá ló sì ń bo ibi tí èèsún ì bá wà, màlúù kì í sì í jẹ Akíntọ́lá. Nítorí náà, nígbà tí darandaran bá dé ní oṣù Kejìlá, tí èkan ti gbẹ, tí iná ti jó ọ̀dàn láti Ayédé lọ sókè, ohun tútù tó kù ní ilẹ̀ Èkìtì ni ẹ̀gẹ́ àti àwọn ọ̀gbìn àbàtà. Oko ni màlúù yóò wọ̀. Mi ò sọ èyí láti gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo mọ ẹni tí ẹran jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ run lálẹ́ ọjọ́ kan, owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jẹ.

Gbogbo Fúlàní kọ́ ló ń kọjá lọ. Ní apá àríwá Èkìtì, gáà wà tó ti pẹ́ ju ọjọ́ orí mi lọ. Àwọn obìnrin wọn ló ń gbé wàrà wá sí ọjà wa, àwọn ọmọ wọn ń sọ èdè wa bí a ṣe ń sọ ọ́ gan-an. Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí a máa ń pè ní Alájì. Mo bi í pé, "Bàbá, ẹ ti ń bẹ níbí látìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Kí ló dé tí ẹ ò gbin koríko fún ẹran yín?"

Ó wò mí dáadáa. Ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá gbin koríko lónìí, ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa sọ lọ́la pé mo fẹ́ gba ilẹ̀?"

Òótọ́ ni. A ó sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá dàgbà ní oko Yorùbá mọ òfin náà bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ síbì kan. Àtìpó á mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún, á gbin àgbàdo, á gbin ẹ̀gẹ́, á gbin ẹ̀wà. Kò gbọ́dọ̀ gbin kòkó, kò gbọ́dọ̀ gbin ọ̀pẹ, kò gbọ́dọ̀ gbin obì. Ohun tó bá ń pẹ́ nínú ilẹ̀, onílẹ̀ ló ń gbìn ín, torí pé ẹni tó gbin igi ti fi ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Òfin ọlọ́gbọ́n ni, òun ló sì dá ilẹ̀ ẹbí sí títí tó fi kàn wá. Ṣùgbọ́n koríko tí yóò bọ́ màlúù kì í ṣe ọ̀gbìn ọdún kan. Èèsún tí a bá gbìn lónìí, tí à ń gé, tí à ń fi ìgbẹ́ ẹran bọ́, á máa so èso rẹ̀ fún ọdún 5 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú òfin wa, ọ̀dọ̀ kòkó ló máa bọ́ sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà há sí: ẹni tó ní ẹran ní Èkìtì kò ní ilẹ̀ ọdún 5, ẹni tó ní ilẹ̀ ọdún 5 kò ní ẹran. Bí a bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún ṣèpàdé lórí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran tí a kò yanjú èyí, ibi tí a wà náà la ó wà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, wọ́n kọlu Òkè-Àkọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, ẹ̀mí lọ sí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Gómìnà Ayọ̀délé Fáyòṣe fọwọ́ sí òfin tó ká ìjẹko lọ́wọ́ kò ní Èkìtì: ibi tí ìjọba bá yàn nìkan ni ẹran ti lè jẹ, láti aago 7 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù Karùn-ún 2021, àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Àsàbà, wọ́n ní kí dída ẹran kiri dópin ní gbogbo gúúsù. Mo fara mọ́ òfin 2016 nígbà náà, mo ṣì fara mọ́ ọn, torí pé ẹni tó sùn tí kò mọ̀ bóyá òun yóò jí kò lè dáko. Ṣùgbọ́n ibi tí màlúù kò gbọ́dọ̀ jẹ ni òfin wọ̀nyí sọ. Ẹni tí yóò gbin èyí tí yóò jẹ, lórí ilẹ̀ ta ni, fún ọdún mélòó, wọn kò sọ ọ́ débẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 náà kò ràn wá lọ́wọ́ níbí: ó gbé ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ni gbogbo wa ṣì ń lọ kí a tó kọ ebè kan.

Ibì kan wà ní Èkìtì tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Ní Ìkún-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà, ìjọba Òǹdó àtijọ́ dá oko màlúù oníwàrà sílẹ̀ kó tó di pé wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Òǹdó ní 1996. Ó kú, ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí ìjọba tó fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Promasidor láti jí i dìde. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Ó fi hàn pé ilẹ̀ wa lè gbé màlúù oníwàrà. Ṣùgbọ́n ìjọba àti ilé iṣẹ́ ńlá ló ń bẹ nídìí rẹ̀, kò sì sí ohun tó dí wọn lọ́wọ́ láti gba ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọlọ́sìn tó ní màlúù mẹ́wàá, tàbí ọ̀dọ́ tó parí ilé ìwé ní Ọ̀yẹ́ tó fẹ́ máa gé koríko tà, kò ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo fẹ́ ká di Írẹ́lándì. Òjò tiwọn ń rọ̀ yí ọdún ká, tiwa ń rọ̀ wàràwàrà láti oṣù Kẹrin sí Kẹwàá, ó sì dá. Koríko tiwọn ń rọra hù, ó rọ̀. Tiwa ń sáré dàgbà, bí a kò bá tètè gé e, ó di igi, màlúù á jẹ ẹ́ yó tí kò ní rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Wọ́n tún ti ki àṣejù bọ̀ ọ́. Láti 1984 ni Yúróòpù ti fi gbèdéke sí iye wàrà tí wọ́n lè ṣe. Nígbà tí wọ́n mú un kúrò ní 2015, màlúù oníwàrà Írẹ́lándì ti ń pọ̀ sí i, láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.1 títí dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.6 láàárín ọdún díẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ ń ṣàn wọ inú odò wọn. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta èéfín tó ń mú ayé gbóná láti orílẹ̀-èdè náà tó ń ti iṣẹ́ àgbẹ̀ wá. Ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní corncrake, tó máa ń yé sí inú koríko gíga, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá nílẹ̀ wọn nítorí pé wọ́n ń tètè gé koríko. Àbúrò mi sọ pé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń bínú sí òfin ajílẹ̀ bí àwa náà ṣe ń bínú sí owó orí.

Ohun tí mo fẹ́ kí a yà lò lọ́wọ́ wọn kéré. Háyà oṣù 11 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kò tíì tán ní Írẹ́lándì. Ìjọba wọn wá wò ó, wọ́n rí i pé ẹni tó gba ilẹ̀ fún oṣù 11 kì í tọ́jú rẹ̀, ni wọ́n bá sọ pé onílẹ̀ tó bá fi ilẹ̀ rẹ̀ háyà fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn yóò dá owó orí kan sí fún un. Wọn kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn jẹ́ kó ṣe onílẹ̀ láǹfààní láti fún ẹlòmíràn ní àsìkò tó tó.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, a ti rí àpẹẹrẹ. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 àti nínú àwọn ọdún 1980, ILCA, ilé iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà, bá àwọn Fúlàní agbègbè Kachia gbin ewéko stylo sínú ọgbà bíi hẹ́kítà 4, kí ẹran lè ní oúnjẹ tó lókun nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ewéko náà hù. Màlúù jẹ ẹ́. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí kò jẹ́ kó tàn ká ni pé àwọn darandaran kò ní ilẹ̀ tó dá wọn lójú. Àwọn kan náà ní gúúsù fi àgunmániyè ṣe oúnjẹ ewúrẹ́ àti àgùntàn. Igi tí a fi ń ṣe ọgbà oko ni, ewé rẹ̀ sì tútù nígbà tí gbogbo koríko bá ti gbẹ. Ọ̀pọ̀ wa ní i lẹ́yìnkùlé, a ò kà á sí.

Èyí ló mú mi gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé ẹbí wa. A ní ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Ìpàó tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dá mọ́, torí àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó àti Àbújá. Mo ní kí a fi apá kan nínú rẹ̀ háyà fún ọdún 5 fún ẹni tó bá fẹ́ gbin èèsún àti àgunmániyè, ì báà jẹ́ ọmọ wa, ì báà jẹ́ ọmọ gáà. Yóò máa gé e, yóò máa gbé e lọ fún ẹran níbi tí wọ́n so wọ́n mọ́. Ẹran kankan kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí àwọn ìjòyè ṣe ẹlẹ́rìí, kí á wọn ààlà rẹ̀ kí ẹnì kan má baà sọ lọ́la pé ibẹ̀ kọ́. Kí owó rẹ̀ máa wọ àpò ẹbí lọ́dọọdún, kí orúkọ rẹ̀ sì ṣì jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀.

Wọn kò gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àǹtí mi kan ní ẹ̀rù ń ba òun láti gba Fúlàní láyè, n kò sì lè bá a jiyàn, torí ọ̀dọ̀ òun ni àwọn tó sá kúrò ní Òkè-Àkọ́ wá sùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó dàgbà jù béèrè ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀: bí ọdún 5 bá pé, ta ni yóò hú gbòǹgbò èèsún kúrò? Ẹni tó bá ti roko èèsún rí mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni; iṣu kò ní ta níbẹ̀ bí gbòǹgbò náà bá kù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, a fẹnu kò pé ẹni tó gbìn ín ni yóò hú u, pé yóò kó owó kan sílẹ̀ lọ́wọ́ olórí ẹbí láti ìbẹ̀rẹ̀, tí a ó dá padà fún un bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ti Àǹtí mi ni a kò tíì yanjú. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ bá àwọn obìnrin tó ń gbé wàrà wá sí ọjà sọ̀rọ̀, kí òun mọ ọmọ ta ni ta ni, kí òun tó fọwọ́ sí ìwé.